Bí Mo Ṣe Gba Tutù-bí-Omi Lọ́wọ́ Ọba Kòtúnlò

Ẹ sún mọ́bí, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó fẹ̀yìn ti ògiri lọ́hùn-ún, kó fa ìjókòó rẹ̀ wá síwájú. Ẹni tó dúró, kó wá nǹkan fi sídìí, torí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń fi ìdúró gbọ́. Ẹ̀wà ṣì wà lórí iná. Mo ti ṣí ìkòkò wò, ó ń kùn gbọ̀lọ̀gbọ̀lọ̀ bí arúgbó tí wọ́n jí lójú oorun, kò tí ì rọ̀. Kó tó rọ̀, màá ti wọ igbó iwin, màá sì ti jáde.

Ẹ wo Dàda, ọmọ ọmọ mi, lábẹ́ igi ìyeyè yẹn, tó ń fi abẹ lu àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, pà, pà, pà. Gbogbo yín lẹ mọ ìdí tí a fi pé jọ. Ó bímọ, ọmọ náà gbé irun tó ta kókó wáyé bíi ti ìyá rẹ̀, òní la ó sì fá a. Abẹ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ yẹn la ó fi fá a. Bí ẹ bá ń wò ó láti ibi tí ẹ wà yìí, ẹ lè rò pé abẹ lásán ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pè é ní lásán létí mi. Èmi Àwẹ̀ró, ọmọ onígbàjámọ̀, aya ọdẹ, tí èmi náà tún ṣe ọdẹ, èmi ni mo lọ gbà á lọ́wọ́ ọba ìlú iwin, mo sì padà wálé pẹ̀lú eyín mi pé pérépéré. Àwọn eyín tí ẹ kò rí lẹ́nu mi lónìí, ẹ̀pà ló kó wọn lọ, kì í ṣe iwin.

Àwọn ọdẹ yòókù ń lé ẹtu, wọ́n ń lé ìgalà. Èmi, abẹ ni mò ń lé. Abẹ àtijọ́ ni o, èyí tó ń ká wọ inú èkù rẹ̀ bí ìgbín ṣe ń wọ ìkarahun. Ẹran tèmi kì í sáré, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n ń sá pamọ́ sí. Ìdí ẹrù àlòkù ni ibùba rẹ̀. Mo bá ọ̀kan nínú garawa ìṣó. Mo bá ọ̀kan lọ́wọ́ akunlé kan tó ń fi ṣí ìdérí agolo ọ̀dà, èkù rẹ̀ funfun bí eyín ọmọ tuntun, omi bọ́ lójú mi níbẹ̀ bí ẹni tó rí ọmọ ọba nídìí ẹrú. Mo ní ọ̀kan tí wọ́n ya ọkọ̀ ojú omi sí lára, àti òmíràn tí wọ́n kọ ìwé sí. Ìwé tí mo kà nílé ẹ̀kọ́ kò kọjá á-bí-dí, mo ṣáà mọ̀ pé orúkọ ẹni tó rọ ọ́ ni, nítorí náà bí mo bá ti ń nù ún, mo máa ń kí i pé ẹ kú iṣẹ́ o, ẹni tí n kò mọ̀. Gbogbo abẹ wọ̀nyí ló ti kú kí n tó rí wọn. Èmi ni mo jí wọn dìde.

Akínkúnmi ẹlẹ́mu, mo rí ọ tí ò ń rẹ́rìn-ín nínú irùngbọ̀n rẹ. Ó ní òun fẹ́ béèrè, abẹ tí mo bá pa nínú igbó, ṣé sísun la ń sun ún ni àbí a ń fi se ọbẹ̀. Ó dáa. Máa rẹ́rìn-ín lọ. Ìtàn yìí ní irùngbọ̀n nínú, yóò sì kàn ọ́ dandan.

Ìyá mi ló fá orí gbogbo ìlú yìí nígbà ayé rẹ̀. Ó ní abẹ kan tó jogún lọ́dọ̀ ìyá tirẹ̀, ìwo ẹfọ̀n ni wọ́n fi ṣe èkù rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e kan orí ọmọdé, ọmọ náà á sùn lọ fọnfọn. Ìyẹn la ṣe ń pè é ní Tutù-bí-Omi. Kí ìyá mi tó fá orí ẹnikẹ́ni, a máa fi èékánná ta ẹ̀yìn abẹ náà, abẹ á dún jàn-ín, ìyá mi á sì gba orin mọ́ ọn lẹ́nu. Nílé wa, bí a bá bí Dàda, abẹ yìí nìkan ló gbọdọ̀ kọ́kọ́ kan irun rẹ̀. Èèwọ̀ ilé wa nìyẹn, kò sí ẹni tó rú u rí.

Nígbà tí ìyá mi kú, mo wà lọ́nà jíjìn, mo ń ṣọdẹ. Ẹ sì mọ̀ pé àwọn ìyàwó ilé ló ń gbá yàrá olóògbé. Wọ́n gbá a mọ́, Ọlọ́run yóò san án fún wọn. Ṣùgbọ́n ojú ìyá mi ti ṣú tipẹ́ kó tó kú, kò fá orí mọ́, ìpẹtà sì ti bo Tutù-bí-Omi nínú akísà tó wé e mọ́. Àwọn ìyàwó ilé rí irin pupa nínú akísà. Wọ́n kó o pọ̀ mọ́ ẹní gbígbó àti igbá fífọ́, ó di àkìtàn. Mo dé, mo tú àkìtàn wò títí, n kò rí i. Ohun tí a bá sì jù sí àkìtàn, tí ilẹ̀ kò jẹ ẹ́, tí ènìyàn kò ṣà á, ẹ mọ ibi tó ń lọ. Ìlú Àpatì ni, níbi tí Ọba Kòtúnlò ti ń jọba lórí gbogbo ohun tí ayé ti pa tì.

Lẹ́yìn náà ni ọmọ mi Abọ́sẹ̀dé bí Dàda. Irun ọmọ náà lẹ́wà, ṣùgbọ́n bí ó ti ń dàgbà ni irun ń wúwo. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rá, kò lè gbé orí kúrò nílẹ̀. Nígbà tí ìdààmú fẹ́ mú kí Abọ́sẹ̀dé rú èèwọ̀, ó gbé abẹ tuntun sí i, abẹ náà ká lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé gbígbẹ. Ó wá gbé ọmọ tọ̀ mí wá ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé orí ọmọ náà bí ẹni gbé ìkòkò omi. Ó ní, “Ìyá mi, irun yìí yóò ṣẹ́ ọmọ mi lọ́rùn. Abẹ tó kún ilé yín tó báyìí, ṣé ẹyọ kan kò lè gbà mí ni?”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo gbé ẹ̀wù ọdẹ ọkọ mi wọ̀, mo dé fìlà rẹ̀, mo gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká. Mo kó àdín, ọsàn wẹ́wẹ́, ewé ìpín àti òkúta ìpọ́nbẹ sínú àpò, mo fi awọ tí ìyá mi fi ń lu abẹ lé e. Mo mú abẹ ọlọ́kọ̀-ojú-omi tèmi dání, torí ọdẹ kì í lọ sóko lọ́wọ́ òfo. Àwọn ìyàwó ilé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní kí wọ́n tọ́jú ẹkún náà, bí n kò bá dé, kí wọ́n wá sun ún dáadáa.

N kò ní í fi ọ̀nà dá yín lágara. Ẹ̀yìn àkìtàn ni Igbó Ìgbàgbé ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá ń wá ohun tó sọnù nìkan ló ń rí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ní ẹnu ọ̀nà yìí ni iwin kan jókòó sí tó ń jẹ́ Yẹ́úkẹ́. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ta gbòǹgbò wọlẹ̀. Ẹyẹ ẹ̀gà yé sínú rẹ̀, ọ̀kẹ́rẹ́ ń sáré nínú rẹ̀ bí ẹni wà lórí ọ̀pẹ, agbọ́n sì ti kọ́lé sí ibi tó yẹ kí ètè rẹ̀ wà. Akínkúnmi, ṣé ò ń gbọ́?

Yẹ́úkẹ́ wò mí láti orí fìlà dé ẹsẹ̀. Ó béèrè bóyá ọkọ ni mò ń wá tí mo fi gbé ìbọn káàkiri. Mo ní bí mo bá tilẹ̀ ń wá ọkọ, ti òun kọ́, torí ìyàwó tó bá fẹ́ òun yóò ti sọnù kó tó rí ibi tí yóò ti fún òun lóúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín, agbọ́n fò jáde. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kọjá yóò já àlọ́.

Ó ní, “Ó wọ igbó dúdú, igbó di pápá. Kò jẹ ewé, kò gbé ewé lọ sílé.”

Mo ní abẹ ni.

Ó ní, “Arúgbó ń sùn nínú ìwo. Bó bá jí, ọba pàápàá á dákẹ́ níwájú rẹ̀.”

Mo ní abẹ náà ni, torí kò sí ọba tó ń sọ̀rọ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́fun rẹ̀. Mo wá ń yangàn. Mo ní ṣé kò sí àlọ́ mìíràn níbẹ̀ ni, ṣé bí ẹni ń bi apẹja léèrè orúkọ ẹja ni yóò máa ṣe mí. Yẹ́úkẹ́ fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀, ó pẹ́ kí ọwọ́ náà tó dé ìsàlẹ̀.

Ó ní, “Ta ni í fá orí onígbàjámọ̀?”

Ìyá mi ló ń fá tèmi. Ìyá mi ti kú. Láti ìgbà tó ti kú, mo ń wé gèlè mọ́ irun mi ni, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ọ̀bẹ kì í mú títí kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àlọ́ náà wọ inú mi, kò sì rí ìdáhùn bá níbẹ̀.

Ó ní, “Máa wọlé. Ṣùgbọ́n bí o bá ń bọ̀, mú ìdáhùn dání. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, inú irùngbọ̀n mi ni wàá kọ́ ìtẹ́ sí.”

Ẹlòmíràn á sá padà. Èmi Àwẹ̀ró? Mo pín irùngbọ̀n náà sí méjì bí ẹni ń ya aṣọ ìkélé, mo kọjá.

Lẹ́yìn igbó ni Àbàtà Ìpẹtà wà. Àwọn obìnrin tó pupa bí ilẹ̀ ọ̀nà ló ń gbé inú rẹ̀, irin ni oúnjẹ wọn. Olórí wọn na ìka kan ṣoṣo kan ìbọn ọkọ mi. Ìbọn tó pa ẹfọ̀n, tó pa ìkookò, ó rọ̀ mọ́ mi léjìká, ó sì dà sílẹ̀ bí elùbọ́. Olórí náà lá ìka rẹ̀. Ó ní, “Ìyá, oúnjẹ yín dùn. Òórùn irin tó mú ju èyí lọ ń ti inú àpò yín bọ̀.”

Wọ́n ki ahọ́n wọn bọ inú àpò mi. Ṣùgbọ́n kí n tó kúrò nílé, mo ti fi àdín pa abẹ ọlọ́kọ̀-ojú-omi tinú tẹ̀yìn, títí ó fi ń làágùn. Ẹni tó bá jí abẹ dìde tí kò bu òróró fún un, ó kàn jí i kó lè tún kú ni. Ahọ́n wọn ń yọ̀ dànù lára rẹ̀, wọ́n ń gbìyànjú, ó ń yọ̀. Èmi bá gbé orin:

*Irin tó mu òróró yó,*
*Jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ o, jẹ̀lẹ̀ńkẹ́,*
*Òjò ń rọ̀, kò bà á,*
*Jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ o, jẹ̀lẹ̀ńkẹ́.*
*Ọmọ tó ní ìyá àgbà,*
*Jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ o, jẹ̀lẹ̀ńkẹ́,*
*Ìyà ń bọ̀, kò bá a,*
*Jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ o, jẹ̀lẹ̀ńkẹ́.*

Ẹ gbè é dáadáa. Àwọn obìnrin àbàtà gbè é jù báyìí lọ. Wọ́n gbàgbé ebi, wọ́n ń jó, ẹrẹ̀ ń ta sókè. Nígbà tí wọ́n fi máa rántí àpò mi, mo ti wà ní èbúté kejì, mo ń fún yẹ̀rì mi gbẹ.

Ìlú Àpatì nìyí o. Àpótí fífọ́ ni wọ́n tò léra wọn tí wọ́n fi kọ́lé. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán ń tiro lọ lójú títì. Bàtà ẹsẹ̀ kan ń béèrè ìkejì rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá. Àwọn aago tó ti kú ń kí ara wọn, èyí ní ẹ kú àárọ̀, èkejì ní ó dàárọ̀ o, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni. Olorì ọba ló wá pàdé mi. Àkùfọ́ ni orúkọ rẹ̀, ìkòkò ni, ó ti sán láti etí dé ọrùn, bó bá rẹ́rìn-ín, omi á ta jáde. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó béèrè ohun tí mo ń wá. Nígbà tó gbọ́ pé abẹ ni, omi náà ta jáde láìsí ẹ̀rín.

Ó ní irun ọba ti bo ojú rẹ̀, kò rí ìlú rẹ̀ rí. Kò rí òun tí òun jẹ́ aya rẹ̀ rí. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń kó gbogbo abẹ tí ayé bá jù nù jọ, bóyá ọ̀kan yóò gé irun náà, kò sì sí ọ̀kan tó gé e.

A wọ ààfin. Irun ló kún inú rẹ̀ bí òwú tó tú. N kò mọ ibi tí ọba wà. Mo kúnlẹ̀ fún òkìtì kan, mo kí i títí. Olorì fà mí láṣọ, ó ní, “Ìyá, ẹsẹ̀ kábíyèsí nìyẹn. Orí wọn wà lápá ibí.”

Mo sọ tẹnu mi. Ọba Kòtúnlò fọhùn láti inú irun, ohùn rẹ̀ jìn bí ohùn ẹni tó wà nínú àká. Ó ní òun kò ní í jiyàn. Abẹ wà lára ògiri, kí n mú tèmi. Bí mo bá mú èyí tó jẹ́ tèmi, a ó jọ sọ̀rọ̀. Bí mo bá mú èyí tí kì í ṣe tèmi, èmi náà ti di àpatì nìyẹn, àga kan sì wà nílùú tó ń wá ẹni tí yóò jókòó lórí rẹ̀ títí ayé.

Ẹ wá wo ògiri. Abẹ kọ́ síbẹ̀ bí ẹja tí wọ́n ń yan, gbogbo wọn ń dán, wọ́n ń kọ mànà. Ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Èmi tí mo lè já kúrò níbi oúnjẹ nítorí abẹ kan, mo rí odidi ògiri abẹ. Mo fi èékánná ta ẹ̀yìn àkọ́kọ́. Ó dún kọ̀. Mo ta òmíràn. Kọ̀. Mo ta wọn lọ, mo ta wọn bọ̀, bí ìgbà tí a ń kan èèpo igi ni. Ọkàn mi rẹ̀wẹ̀sì. Mo béèrè ẹni tó tọ́jú wọn.

Ọba gbé ohùn sókè, inú rẹ̀ dùn. Ó ní òun ni. Pupa ni wọ́n ń pọ́n nígbà tí wọ́n dé, òun sì ní kí alágbẹ̀dẹ sọ gbogbo wọn síná. Bí ọkọ́ bá dípẹtà, ṣé kì í ṣe iná là ń sọ ọ́ sí ni?

Mo ní, “Kábíyèsí, ọkọ́ ń jẹ ilẹ̀, abẹ ń jẹ irun. A kì í fi ìgbátí kọ́ ọmọ ọwọ́ nírìn. Bí abẹ bá padà sínú iná lẹ́yìn tí wọ́n ti rọ ọ́ tán, ẹ̀mí inú rẹ̀ á jáde. Wọ́n ń dán o. Ṣùgbọ́n wọn kò lè gé omi ọbẹ̀.”

Ọba ní, “Gbogbo wọn?” Ó sọ ọ́ bí àgbẹ̀ tó ṣí àká tó rí i pé iṣu ti rà. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ohun kan: tèmi kò sí lára ògiri. Mo bá pa ojú dé, mo gbé orin ìyá mi:

*Tutù-bí-Omi, ṣé o wà ńlé?*
*Ọmọ ń sunkún, orí wúwo.*
*Tutù-bí-Omi, ṣé o wà ńlé?*
*Wá bá mi sọ̀ ọ́ kalẹ̀.*

Mo dákẹ́. Lábẹ́ àga ọba, ohun kan dún. Kò dún tó ti àtijọ́, ó dún bí ẹni tó dáhùn láti inú oorun. Jàn-ín.

Àṣé àga ọba ló ń mì nígbà tí wọ́n kó o dé, alágbẹ̀dẹ sì ní irin inú akísà yẹn burú jù, kò yẹ fún iná, kí wọ́n fi há ẹsẹ̀ àga. Ẹ ò rí i? Òun ni àpatì láàrin àwọn àpatì, àìdára rẹ̀ ló sì gbà á lọ́wọ́ iná. Mo fà á yọ, àga ọba yẹ̀, òkìtì irun ṣubú lulẹ̀ gbì, èmi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo ti mọ èkù ìwo ẹfọ̀n náà lọ́wọ́ mi kí n tó tú akísà.

Mo jókòó sí iwájú ààfin, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìlú pé lé mi lórí. Mo fi omi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á kí ìpẹtà lè rọ̀, mo ṣan án, mo nù ún gbẹ, torí omi ọsàn tó bá pẹ́ lára irin yóò jẹ irin náà. Mo fi àdín rẹ ẹ́. Mo mú ewé ìpín, mo ń fi ra á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láti ẹ̀yìn lọ sí ẹnu, bí ẹni ń ra ẹ̀yìn ọmọ kó lè gùfẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ọba dé, ó ní ìgbà wo ni n ó fi ṣe èyí tán, òun ní iná nílé. Mo ní kó lọ fi iná náà sun àgbàdo. Lẹ́yìn ìpín, mo gbé e sórí òkúta. Lẹ́yìn òkúta, mo na awọ ìyá mi.

Mo pe Olorì Àkùfọ́ kó sún mọ́ mi, torí mo ti ń rí i tí ojú rẹ̀ kò kúrò lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ẹ wò ó. Lórí awọ, ẹ̀yìn abẹ ló ń ṣíwájú, ẹnu ló ń tẹ̀lé. Bí ẹnu bá ṣíwájú, awọ ni yóò gé.” Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ènìyàn ṣe rí. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kàn ni ẹ gbà mọ́ mi lẹ́nu yẹn.

Mo ta á. Jàn-ín. Gbogbo aago ìlú náà dáhùn, wọ́n sì jọ lu wákàtí kan náà.

Mo wọlé lọ dágbére. Ọba ní dágbére kí ni? Ohun tí ayé bá jù, ti òun ni. Mo ní, “A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ẹ̀yìn mi ni wọ́n jù ú, Kábíyèsí. Ohun tí a jù lẹ́yìn olóhun, wọn kò jù ú.” Ó ní òwe náà dùn, ó dùn gan-an, abẹ kò sì ní í lọ.

Mo ní kò burú. Ó kéré tán, kí n fá orí kábíyèsí, ṣebí nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń kó abẹ jọ. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé orí sílẹ̀ fún mi. Mo ta abẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Irun ń já bọ́ bí òjò, àwọn ènìyàn ń kó o jáde. Mo fá a dé àárín orí, mo pa abẹ dé. Kẹ́.

Ojú ọ̀tún ọba là. Ó kọ́kọ́ wo ojú fèrèsé, ó rí àwọn àga tó ń tiro, ó rí àwọn bàtà. Lẹ́yìn náà ló rí obìnrin tó dúró tì í. Ó ní, “Ṣé bí o ṣe rí nìyí?” Omi ń jáde láti ibi tí Olorì ti sán. Ìlú sì bú sẹ́rìn-ín, torí apá kan orí ọba ń dán bí igbá, apá kejì ṣì jẹ́ igbó kìjikìji.

Ó ní kí n parí rẹ̀. Mo jókòó, mo ká ọwọ́ lẹ́rán.

Mo ní, “Kábíyèsí, ìdajì yẹn tiyín, ìdajì tó kù, ti ọmọ mi ni. Ọmọ kan wà nílé mi tí irun tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá rẹ̀ fọwọ́ gbé orí rẹ̀ dání bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí.”

Ọba gbé ọwọ́ lé apá òsì tó wúwo, ó wá gbé e lé apá ọ̀tún tó fúyẹ́. Ó béèrè bóyá ọmọ náà tilẹ̀ ti rí ojú ọ̀run rí. Mo ní kò rí i rí.

Ó ní, “Gbé abẹ ìyá rẹ, kí o máa lọ. Ṣùgbọ́n irun mi yóò tún hù. Bí o bá lọ, ta ni yóò fá mi?”

Ibẹ̀ ni àlọ́ Yẹ́úkẹ́ ti ta mí nínú bí ọmọ tó tapá. Mo yọ abẹ ọlọ́kọ̀-ojú-omi tèmi, èyí tí mo fẹ́ràn jù, mo fi lé Olorì Àkùfọ́ lọ́wọ́. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú fún ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà mo fi í sílẹ̀. Òun ló fá apá òsì, kò fi abẹ gé ọba lára títí ó fi tán. Ojú kejì ọba là nígbà náà, ojú rẹ̀ méjèèjì sì wà lára aya rẹ̀ nìkan. Mo yọ́ jáde. Irú àkókò bẹ́ẹ̀, àgbà kì í dúró.

Orin gbé mi kọjá àbàtà. Ní ẹnu ọ̀nà, Yẹ́úkẹ́ ti ń dúró. Ó ní, “Ta ni í fá orí onígbàjámọ̀?”

Mo ní, “Ẹni tí òun fúnra rẹ̀ bá kọ́ níṣẹ́ ni.”

Ó fa irùngbọ̀n rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan fún mi. Bí mo ti ń kọjá, ó rọra béèrè bóyá mo lè bá òun gé díẹ̀ níbi tí agbọ́n wà. Mo gé e fún un. Ó jọ ọkọ ìyàwó.

Abẹ́ igi ìyeyè yìí kan náà ni Abọ́sẹ̀dé jókòó sí nígbà tí mo dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ orí ọmọ. Mo ta abẹ, mo kọrin, Dàda sùn lọ. Irun náà bọ́ wìì-wìì bí ìgbà tí a sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tí mo parí, mo ní kí Abọ́sẹ̀dé mú ọwọ́ kúrò. Ẹ̀rù bà á. Ó mú un kúrò. Orí ọmọ náà dúró. Dàda lajú, ó gbé orí sókè fúnra rẹ̀, ó wo ewé ìyeyè pẹ̀lú ọ̀run tó wà lẹ́yìn wọn, ó sì rẹ́rìn-ín sí i.

Ibẹ̀ ni mo bá ìtàn dé lọ́jọ́ ìfárí yẹn tí Dàda, tó ti di ìyá ọmọ, fi dìde lábẹ́ igi, tó ní ẹ̀wà ti rọ̀, abẹ sì ti mú. Ó jókòó, wọ́n gbé ọmọ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Ó fi èékánná ta Tutù-bí-Omi, abẹ náà dún, gbogbo ìjókòó gbe orin. Ọmọ náà ti sùn kí orin tó pé. Ó fá a mọ́ láìgé ọmọ lára, wọ́n sọ irun náà sínú omi tútù, gbogbo bó ṣe ń fá a ni mò ń wo ọwọ́ rẹ̀. Bó bá nà án lórí awọ ìyá mi, ẹ̀yìn ló ń ṣíwájú, ẹnu ń tẹ̀lé, bí mo ṣe kọ́ ọ. N kò rí ohun kan tí mo lè tún ṣe níbẹ̀.

Akínkúnmi gbé irùngbọ̀n rẹ̀ wá láìjẹ́ pé a pè é, ó ní òun kò fẹ́ kí agbọ́n bá òun níbi ẹmu. Wọ́n fá a. A wá rí i pé ọmọkùnrin dáadáa ni.

Nígbà náà ni mo ṣí fìlà ọdẹ ọkọ mi, mo tú gèlè tó wà lábẹ́ rẹ̀, mo sì tẹ orí ba fún ọmọ ọmọ mi. Ó ní, “Ìyá àgbà, ṣé kí n rọra?” Mo ní kó má bi mí, kó bi abẹ. N kò mọ ìgbà tó parí, torí èmi náà sùn lọ.

Òórùn oúnjẹ ló jí mi. A jẹ ẹ̀wà, a jẹ èkuru, a fún àwọn ọmọdé ní ìrèké àti ẹ̀pà, mo sì jẹ tèmi pẹ̀lú ìwọ̀nba eyín tó kù. Orí mi fúyẹ́, atẹ́gùn ń bá a ṣeré. Oòrùn kò tí ì wọ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń lọ sílé, ikùn kún, wọ́n ń fi ọwọ́ pa orí ara wọn, wọ́n ń kọ jẹ̀lẹ̀ńkẹ́ lọ lójú ọ̀nà.